Bí ẹ ṣe lè fi owó ìfẹ̀yìntì yín ra wúrà ní Amẹ́ríkà, kí ojú ọ̀nà má baà jẹ ẹ́ tán

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, tí owó 401(k) tàbí 403(b) yín ti ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀, ó dájú pé ẹ ti gbọ́ ìpolówó wọn lórí rédíò: dọ́là fẹ́ wó, báńkì fẹ́ dojú dé, ẹ tètè kó owó yín sórí góòlù. Bí ẹ bá pe nọ́ńbà tí wọ́n dárúkọ, ẹnì kan tí ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù á dá yín lóhùn, á ní kí ẹ kàn fún òun ní orúkọ yín àti nọ́ńbà àkáǹtì, pé ìyókù di ọwọ́ òun.

Ìyókù yẹn gan-an ni mo fẹ́ tò síbí. Fífi owó ìfẹ̀yìntì ra wúrà kò lòdì sófin. Òfin owó-orí tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣe ní 1997 ló jẹ́ kí wúrà, fàdákà, platinum àti palladium tó dá ṣáká lè wọ inú IRA, àkáǹtì ìfẹ̀yìntì tí èèyàn ń ṣí fúnra rẹ̀, láti 1998; owó ẹyọ American Eagle ti ń wọ ibẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Wúrà fúnra rẹ̀ kì í sábà ṣe èèyàn ní jàǹbá. Ojú ọ̀nà tí owó gbà dé ìdí wúrà ni jàǹbá wà: fọ́ọ̀mù tí a bu ọwọ́ lù láìkà, ṣẹ́ẹ̀kì tó gba ọwọ́ wa kọjá nígbà tí kò yẹ, ẹyọ wúrà tí a rà ní iye tí aráyé kì í rà á. Ọ̀nà yẹn ni a fẹ́ rìn lẹ́sẹẹsẹ.

Ẹ̀yin tí owó yín wà nínú RSA lọ́dọ̀ àwọn PFA ní Nàìjíríà, ètò yìí kò kàn yín. Òfin ibẹ̀ kò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láyè láti ní kí wọ́n fi owó òun ra owó ẹyọ wúrà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ irú owó tí ẹ ní, àti bóyá ó ṣeé gbé

Owó tó wà ní ibi iṣẹ́ tí ẹ ti fi sílẹ̀ ló rọrùn jù láti gbé: 401(k) ilé-iṣẹ́ aládàáni, 403(b) ilé ìwòsàn àti ilé-ìwé, TSP àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti ológun. Bí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, ẹ lè kó o lọ sínú IRA. Owó tó ti wà nínú IRA tẹ́lẹ̀ náà kò ní wàhálà. Èyí tó wà ní ibi iṣẹ́ tí ẹ ṣì ń lọ lójoojúmọ́ ló le. Ọ̀pọ̀ ètò kì í jẹ́ kí ẹ gbé e títí ẹ ó fi pé ọmọ ọdún 59 àti ààbọ̀, òmíràn kò sì ní gbà lẹ́yìn ìgbà yẹn pàápàá. Bí oníṣòwò kan bá ní òun mọ ọgbọ́n tí ẹ fi lè yọ ọ́ ṣáájú ọjọ́ orí yẹn nígbà tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ pa fóònù dé.

Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lára ìwé àkáǹtì yín, kì í ṣe èyí tí oníṣòwò fún yín. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè ṣe direct rollover, ìyẹn fífi owó ránṣẹ́ tààrà, lọ sínú IRA. Ẹ bi wọ́n bóyá Traditional ni owó náà (èyí tí a kò tíì san owó-orí lé lórí) tàbí Roth (èyí tí a ti san owó-orí rẹ̀ kó tó wọlé), tàbí méjèèjì ló wà níbẹ̀. Ẹ bèèrè èló nínú rẹ̀ ló ti di tiyín pátápátá, nítorí ó lè jẹ́ pé ẹ kò tíì pẹ́ tó níbi iṣẹ́ kí owó tí ọ̀gá fi kún un tó di tiyín. Kí ẹ sì bèèrè bóyá gbèsè wà lórí rẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí kò yẹ kí ẹ fò ó. Ẹni tó yá nínú 401(k) rẹ̀ láti ra ilẹ̀ n'Íbàdàn, tó wá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó san án tán, ohun tó kù nínú gbèsè yẹn lè di owó tó ti gbà jẹ lójú IRS, àjọ owó-orí Amẹ́ríkà, owó-orí á sì gorí rẹ̀.

Traditional ni kí ẹ gbé lọ sínú Traditional, Roth sínú Roth. Bí ẹ bá gbé Traditional sínú Roth, gbogbo rẹ̀ á di owó tó wọlé fún yín lọ́dún náà, ẹ ó sì san owó-orí lé e lórí. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ lè ní ìdí tirẹ̀. Kí ó má kàn jẹ́ pé fọ́ọ̀mù ni ẹ ṣì kọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ pinnu iye, kí ẹ sì bi ara yín bóyá wúrà gidi ni ẹ fẹ́ àbí iye wúrà

Àwọn tó ń polówó kì í sọ ìtàn 1980. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn, áúnsì wúrà kan dé nǹkan bíi 850 dọ́là. Nígbà tó fi máa di 1999, ó ti já wá sí nǹkan bíi 250. Ọdún 2008 ló tó padà kọjá 850. Ẹni tó rà á ní 1980 lẹ́ni 60 ọdún ti di ẹni 88 kí owó tó ná tó padà pé, a ò sì tíì ka bí ọjà gbogbo ṣe ti wọ́n sí i láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Ní 2011 ó gun òkè dé nǹkan bíi 1,900. Nígbà tí 2015 ń parí lọ, ó ti wà nítòsí 1,050. Ní 2025 ẹ̀wẹ̀, ó kọjá 3,000 ní oṣù kẹta, ó tún kọjá 4,000 ní oṣù kẹwàá. Fàdákà tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ ní fífò àti jíjábọ́: ó súnmọ́ 50 dọ́là ní 1980, ó tún súnmọ́ ọn ní 2011, nígbà tó sì di oṣù kẹta 2020, kò tó 12.

Wúrà kì í bímọ. Kò ní san èlé, kò ní pín èrè. Ìrètí kan ṣoṣo tó wà lára rẹ̀ ni pé ẹlòmíràn á rà á lọ́wọ́ yín ní iye tó ju tiyín lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó kó gbogbo owó ogbó rẹ̀ síbẹ̀. Dọ́là márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, lójú tèmi, ó tó. Ohun tí ẹ ó jẹ láàárín ọdún márùn-ún sí i kò gbọdọ̀ sí nínú rẹ̀ rárá.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò fẹ́ kí ẹ bèèrè. Bí ohun tí ẹ ń fẹ́ kò bá ju pé kí owó yín máa bá iye wúrà lọ sókè sódò, ẹ kò nílò àkáǹtì tuntun kankan. Nínú IRA lásán tí ẹ ní lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìdókòwò bíi Schwab tàbí Fidelity, ẹ lè ra GLD, IAU tàbí GLDM, àwọn àpò ìdókòwò tó ní wúrà gidi nínú ilé ìpamọ́, tí à ń rà bí ẹni ra ṣíà. GLD ń gba 0.40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, IAU ń gba 0.25, GLDM ń gba 0.10. Lórí 20,000 dọ́là, ìyẹn jẹ́ 80 dọ́là, 50 dọ́là, àti 20 dọ́là. Ẹ lè tà á láàárín ìṣẹ́jú kan. Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, ibí yìí ló yẹ kí ìrìn-àjò náà parí sí.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ wúrà tó ní orúkọ rẹ̀ lára nínú ilé ìpamọ́, ẹ jẹ́ ká máa bọ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá alágbàtọ́ kí ẹ tó wá oníṣòwò

Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló ń wà nínú ètò yìí, àwọn oníṣòwò sì fẹ́ràn kó dà bíi pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Èkíní ni alágbàtọ́, tí wọ́n ń pè ní custodian, tó ń mú àkáǹtì IRA yín, tó sì ń bá IRS sọ̀rọ̀. Èkejì ni oníṣòwò tó ń ta wúrà. Ẹ̀kẹta ni ilé ìpamọ́ tí wúrà náà ń sùn sí. Bí oníṣòwò bá bá yín yan méjì yòókù, àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ pé ẹni tó rọrùn fún un ló yàn.

Òfin ní kí alágbàtọ́ jẹ́ báńkì tàbí ilé-iṣẹ́ tí IRS fọwọ́ sí; IRS máa ń gbé orúkọ àwọn tí kì í ṣe báńkì jáde, ẹnikẹ́ni sì lè wò ó. Irú àkáǹtì tí ẹ ó bèèrè ni self-directed IRA tó ń gba irin olówó iyebíye. Equity Trust, STRATA Trust àti GoldStar Trust wà lára àwọn tó ń ṣe é. Mi ò ní ẹ lọ sọ́dọ̀ ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ pe méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ìwé iye owó wọn ránṣẹ́: owó ìṣíwèé, owó ọdọọdún, owó ìpamọ́, owó tí wọ́n ń gbà nígbàkigbà tí ẹ bá rà tàbí tà, àti owó tí wọ́n máa gbà bí ẹ bá fẹ́ pa àkáǹtì náà dé. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni wọ́n sábà máa ń fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Kí ẹ wò ó bóyá iye kan pàtó ni wọ́n ń gbà lọ́dún tàbí ìdá kan nínú owó yín. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré lè jìyà lórí iye pàtó: 250 dọ́là lọ́dún lórí 10,000 jẹ́ 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún, wúrà tí kì í bímọ ni a sì ń san án lé lórí.

Ohun kan tó yẹ kí ẹ mọ̀ dájú: alágbàtọ́ kì í yẹ oníṣòwò wò fún yín. Bí ẹ bá ní kó fi owó yín ra wúrà ní ìlọ́po méjì iye rẹ̀, á rà á. Ó wà nínú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ gbé owó náà láìjẹ́ kó kan ọwọ́ yín

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ kà.

Ọ̀nà méjì ni owó lè gbà kúrò ní 401(k) yín. Ní ọ̀nà kìíní, tó ń jẹ́ direct rollover, ilé-iṣẹ́ tó mú owó náà á fi í ránṣẹ́ sí alágbàtọ́ tuntun. Ní ọ̀nà kejì, wọ́n á kọ owó náà sí orúkọ yín, ẹ̀yin ni ẹ ó wá gbé e lọ sí ibi tuntun láàárín 60 ọjọ́. Òfin fàyè gba méjèèjì, àmọ́ èkejì yẹn, kò sí ìdí tí èèyàn fi máa fọwọ́ ara rẹ̀ yàn án.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní 60,000 dọ́là ló wà nínú 401(k) màmá kan, ẹni ọdún 56, nọ́ọ̀sì tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ níbòmíràn. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ló ti fi ilé ìwòsàn tó kó owó náà jọ fún un sílẹ̀, nígbà tí kò tíì pé 55. Ó ní kí wọ́n kọ ṣẹ́ẹ̀kì sí òun. Òfin fi dandan lé e pé kí wọ́n yọ 20 nínú ọgọ́rùn-ún fún IRS kí ṣẹ́ẹ̀kì tó jáde. Nítorí náà 48,000 ló dé ọwọ́ màmá. 12,000 ti lọ. Ní báyìí, láàárín 60 ọjọ́, 60,000 ló gbọ́dọ̀ kó sínú IRA, kì í ṣe 48,000. Níbo ló ti máa rí 12,000 yẹn? Àfi kó yọ ọ́ nínú owó àpò rẹ̀, kó wá dúró títí dìgbà tó bá kọ ìwé owó-orí ọdún náà kó tó gba 12,000 rẹ̀ padà. Bí kò bá rí i, 12,000 yẹn á di owó tó gbà jẹ: owó-orí á gorí rẹ̀, ìtanràn 10 nínú ọgọ́rùn-ún, 1,200 dọ́là, á tún gorí ìyẹn, torí pé kò tíì pé ọdún 59 àti ààbọ̀. Kò tíì ra wúrà kankan o.

Bí owó bá wà nínú IRA, tí ẹ sì fẹ́ gbé e lọ sínú IRA mìíràn, ọ̀nà 60 ọjọ́ yẹn kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín oṣù 12, iye IRA yòówù tí ẹ lè ní. Bí alágbàtọ́ bá fi ránṣẹ́ sí alágbàtọ́ tààrà, kò sí òǹkà lórí ìyẹn.

Nítorí náà, alágbàtọ́ tuntun ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ ṣí àkáǹtì, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, ẹ sì gba bí wọ́n ṣe fẹ́ kí a kọ orúkọ sórí ṣẹ́ẹ̀kì. Ẹ wá pe ilé-iṣẹ́ àtijọ́, kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ méjì yẹn gan-an: direct rollover. Bí IRA sí IRA bá ni, alágbàtọ́ tuntun ló sábà máa ń lọ fa owó náà wá fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù transfer.

Ohun kan máa ń já àwọn àgbà láyà: nígbà mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ direct rollover, ilé yín ni ṣẹ́ẹ̀kì náà á gbà dé. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ wo orúkọ tó wà lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ alágbàtọ́ ló ṣáájú, tí lẹ́tà FBO tẹ̀ lé e, kí orúkọ yín tó wá, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé alágbàtọ́ ló ni ṣẹ́ẹ̀kì náà, nítorí tiyín ló sì ṣe gbà á. Ẹ má sanwó rẹ̀ sí báńkì yín. Ẹ fi sínú àpòòwé, ẹ fi ránṣẹ́ sí alágbàtọ́ nípa ọ̀nà tí ẹ ó fi lè máa tọpa rẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ pamọ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ orúkọ yín nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an kí wọ́n gbà á padà, kí wọ́n sì kọ òmíràn.

Nígbà tí ọdún tuntun bá wọlé, fọ́ọ̀mù 1099-R á dé. Ẹ wo àpótí 7: lẹ́tà G ló yẹ kó wà níbẹ̀. Lórí Form 1040, iye gbogbo rẹ̀ á wọ ìlà 5a, èyí tó jẹ owó-orí lórí ìlà 5b á sì jẹ́ òdo. Ẹ fi fọ́ọ̀mù náà han ẹni tó ń bá yín kọ ìwé owó-orí, kó má lọ kà á sí owó tó wọlé fún yín. Ó máa ń ṣẹlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Wúrà tí òfin gbà

Wúrà gbọ́dọ̀ dá ṣáká dé ìwọ̀n 0.995 (995 nínú 1,000), fàdákà 0.999, platinum àti palladium 0.9995. Ìwọ̀n yìí ló lé góòlù ọrùn àti tọwọ́ jáde, bó ti wù kó wọ̀n tó, bó sì jẹ́ láti Dubai ni ẹ ti rà á. Ìlẹ̀kẹ̀ góòlù tí ìyá yín fi sílẹ̀ kò wọ IRA, ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà.

American Buffalo, Maple Leaf ti Kánádà àti Britannia tí wọ́n ṣe láti 2013 wọlé. Krugerrand ti South Africa kò wọlé, nítorí káráàtì 22 ni, kò dé 0.995. Sovereign àtijọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì náà kò wọlé. American Eagle oníwúrà, káráàtì 22 lòun náà, àmọ́ òfin dárúkọ rẹ̀ sọ́tọ̀, ó sì gbà á wọlé. Ọmọ onílé là ń wí.

Ẹ kò lè gbé owó ẹyọ wúrà tí ẹ ti ní nílé sínú rẹ̀, ẹ kò sì lè tà á fún IRA tiyín. Lójú òfin, ẹ̀yin pẹ̀lú IRA yín kò gbọdọ̀ bá ara yín ṣòwò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyàwó tàbí ọkọ yín, àwọn òbí yín àti àwọn ọmọ yín.

Ìgbésẹ̀ 6: Iye owó, níbi tí wọ́n ti ń jẹ èèyàn

Iye kan wà tí gbogbo ayé fi ń ta áúnsì wúrà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Spot ni wọ́n ń pè é. Ẹ lè rí i lórí fóònù yín. Áúnsì tí wọ́n ń lò níbí ni troy ounce, gíráàmù 31.1, kì í ṣe áúnsì tí a fi ń wọn ẹran. Kò sẹ́ni tó máa ta owó ẹyọ fún yín ní iye spot gan-an, oníṣòwò gbọ́dọ̀ jẹun. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni bí oúnjẹ náà ṣe pọ̀ tó.

Ká ní spot wà ní 4,000 dọ́là. Oníṣòwò kan ta Eagle lásán fún yín ní 4,160, ó sì ní òun lè rà á padà lónìí ní 3,980. Ohun tó já bọ́ lọ́wọ́ yín jẹ́ 180 dọ́là lórí áúnsì kan. Ẹlòmíràn ní òun ní ẹyọ "àkànṣe" kan tí kò pọ̀ nílé ayé, tí ìjọba kò lè gbà lọ́wọ́ yín láéláé, ó sì tà á ní 5,400. Bí ẹ bá gbé e lọ sọ́jà lọ́la, wúrà inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa wọ̀n. Àfi kí iye wúrà fi ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta lọ sókè kí ẹ tó bọ́ nínú gbèsè ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ pé ìjọba á wá gba wúrà yẹn, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1933 ni wọ́n ń tọ́ka sí, nígbà tí Ààrẹ Roosevelt ní kí àwọn aráàlú kó wúrà wọn wá. Òótọ́ ni, ó ṣẹlẹ̀. Láti ìparí 1974 ni òfin ti tún gba gbogbo èèyàn láyè láti ní in. Bí ẹ bá gbọ́ 1933 lẹ́nu ẹni tó ń tajà fún yín, ẹ mọ̀ pé ẹyọ ọlọ́wọ̀n ló fẹ́ gbé jáde.

Kì í ṣe àsọdùn ni mò ń sọ. Ní oṣù kẹsàn-án 2020, CFTC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó irú ọjà yìí, pẹ̀lú ìpínlẹ̀ 30, gbé ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Metals.com lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó gba owó tó lé ní mílíọ̀nù 185 dọ́là lọ́wọ́ àwọn èèyàn, tí àgbàlagbà sì pọ̀ jù nínú wọn, lórí wúrà àti fàdákà tó tà ju iye rẹ̀ lọ. Owó ìfẹ̀yìntì ló pọ̀ jù nínú owó náà.

Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ máa bi gbogbo oníṣòwò: "Ká ní mo ra ẹyọ yìí lówùúrọ̀ yìí, tí mo sì fẹ́ tà á padà fún yín lọ́sàn-án, èló lẹ máa fún mi?" Ẹ ní kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ kó sì fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, tó ń sọ pé èèyàn kì í ra wúrà lónìí kó tà á lónìí, ti dáhùn nìyẹn. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, lórí ẹyọ kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Ìkànnì US Mint ní ibi tí ẹ ti lè wá oníṣòwò tó wà ládùúgbò yín.

Fàdákà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ní àwọn máa fi ta yín lọ́rẹ, inú iye wúrà yín ló ti jáde. Kí ẹ sì yẹra fún àwọn ẹyọ kéékèèké tí kò tó áúnsì kan, àfi bí ìdí bá wà. Bí ẹyọ bá ṣe kéré sí, bẹ́ẹ̀ ni owó tí oníṣòwò ń fi lé iye wúrà inú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i.

Nígbà tí ẹ bá ti gbà, alágbàtọ́ á fi fọ́ọ̀mù ìdarí ránṣẹ́ sí yín, èyí tí ẹ fi ń sọ fún un pé kó san owó fún oníṣòwò. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé owó tí oníṣòwò kọ: orúkọ ẹyọ, ọdún rẹ̀, iye áúnsì, iye ẹyọ, iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí oníṣòwò bá kọ "proof", ìyẹn ẹyọ dídán tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń kó owó ẹyọ jọ, síbi tí ẹ ti gbọ́ Eagle lásán lórí fóònù, ẹ má fọwọ́ sí i. Proof Eagle wọ IRA lóòótọ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kó rọrùn láti fi tì í sí yín lọ́wọ́. Iye rẹ̀ fi púpọ̀ ju ti ẹyọ lásán lọ. Ẹ má sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tí àyè òfìfo wà nínú rẹ̀, kódà bí wọ́n bá ní ọ̀la ni iye owó á yí padà.

Ìgbésẹ̀ 7: Ilé ìpamọ́, kì í ṣe ilé yín

Wúrà á gba ọ̀dọ̀ oníṣòwò lọ tààrà sí ilé ìpamọ́, bíi Delaware Depository ní Wilmington tàbí ilé ìpamọ́ Brink's. Wọ́n á bi yín bóyá ẹ fẹ́ kí tiyín dá wà, tàbí kó dàpọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn. Bó bá dá wà, ẹyọ tí ẹ rà gan-an ni ẹ ó gbà lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́. Owó rẹ̀ ga díẹ̀. Bó bá dàpọ̀, irú rẹ̀ ni ẹ ó gbà. Fún Eagle lásán, mi ò rí ìdí tí a fi ń san àfikún.

Àwọn kan ń polówó pé ẹ lè dá ilé-iṣẹ́ LLC kékeré sílẹ̀ lábẹ́ IRA yín, kí ẹ sì tọ́jú wúrà náà sínú àpótí irin nílé. Ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n: obìnrin kan ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó ra American Eagle lórúkọ LLC tí IRA rẹ̀ ní, ó sì kó wọn sílé. Ní oṣù kọkànlá 2021, ilé ẹjọ́ owó-orí Amẹ́ríkà dájọ́ pé lọ́jọ́ tí wúrà náà ti wọ ilé rẹ̀ ló ti gba owó ìfẹ̀yìntì náà jẹ. Owó-orí àti ìtanràn tẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ 8: Lẹ́yìn tí wúrà bá ti jókòó

Ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa jogún àkáǹtì náà sórí fọ́ọ̀mù alágbàtọ́. Orúkọ tó wà nínú fọ́ọ̀mù yẹn ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé ìhágún, kì í sì í ṣe ohun tí ẹ sọ nípàdé ẹbí. Àkáǹtì tuntun ni èyí. Àwọn orúkọ tí ẹ kọ sórí 401(k) àtijọ́ kò tẹ̀ lé owó wá.

Ẹni tí wọ́n bí láàárín 1951 sí 1959, láti ọmọ ọdún 73 ni òfin ti ní kó máa yọ iye kan lọ́dọọdún nínú Traditional IRA. Ẹni tí wọ́n bí ní 1960 tàbí lẹ́yìn rẹ̀, láti ọdún 75. Ohun tó ń fa wàhálà níbẹ̀ ni pé owó ẹyọ kò ṣeé gé. Bí iye tí ẹ ní láti yọ bá jẹ́ 2,700 dọ́là, tí ẹyọ kan sì ń lọ ní 4,000, àfi kí ẹ ta odidi kan. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ẹ ní Traditional IRA mìíràn tó ní owó lásán nínú: òfin gbà kí ẹ ṣírò iye tó yẹ lórí gbogbo Traditional IRA yín, kí ẹ sì yọ ọ́ nínú èyíkéyìí. Ìdí mìíràn nìyí tí kò fi yẹ kí gbogbo rẹ̀ di wúrà. Ẹ tún lè ní kí wọ́n fi ẹyọ náà fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Iye tó ń lọ lọ́jà lọ́jọ́ náà ni ẹ ó san owó-orí lé lórí, ẹ sì ní láti wá owó-orí yẹn níbòmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti padà sílé, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ díẹ̀. Ọmọ ìlú Amẹ́ríkà ṣì ní láti máa kọ ìwé owó-orí ibẹ̀ lọ́dọọdún, ìbáà jẹ́ Abẹ́òkúta ló ń gbé. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú, tó dá green card rẹ̀ padà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa yọ 30 nínú ọgọ́rùn-ún nínú gbogbo ohun tó bá gbà nínú IRA rẹ̀, nítorí Amẹ́ríkà àti Nàìjíríà kò ní àdéhùn owó-orí tó lè dín in kù. Kí ẹ tó dá káàdì náà padà ni kí ẹ rí ẹni tó mọ owó-orí àwọn tó ń gbé lókè òkun, kí ẹ sì bi alágbàtọ́ yín ní ojúkojú bóyá wọ́n ń mú àkáǹtì ẹni tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà ní Nàìjíríà. Àwọn kan kì í mú un.